Kókó Tó Ń Gbé Agungi Ró

Akọpẹ tó bá fẹ̀yìn ti igbà lórí ọ̀pẹ gíga, ìwúwo ara rẹ̀ gan-an ló ń gbé e ró. Bó ṣe ń fẹ̀yìn sí i ni igbà ń fún mọ́ ara igi, tí kò fi ní yọ̀ wálẹ̀. Bó bá fẹ́ gòkè, yóò sún mọ́ igi díẹ̀ kí okùn lè dẹ̀, yóò gbé igbà sókè lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tún fẹ̀yìn tì í. Ẹrù wà lórí okùn, okùn dì; ẹrù kúrò, okùn yọ̀. Ọ̀pọ̀ ìran àwọn akọpẹ àti adẹ́mu ló ti jẹun lórí òfin yìí.

Òfin kan náà ló wà lábẹ́ iṣẹ́ àwọn tó ń fi okùn gun igi ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àmọ́ irú igi tí wọ́n ń gùn kò jẹ́ kí igbà nìkan tó wọn. Igi plane tó tò lọ bẹẹrẹ lójú pópó Lọ́ńdọ̀nù, tàbí igi óákù tó ti dàgbà dáadáa, ìtì rẹ̀ lè fẹ̀ ju ohun tí apá èèyàn méjì lè gbá mọ́ra, ẹ̀ka rẹ̀ sì pọ̀ débi pé igbà kò ní ríbi kọjá. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gun igi náà kì í sábà sí lára ìtì. Ìkángun ẹ̀ka ló máa ń wà: ẹ̀ka gbígbẹ tó lè já lu ẹni tó ń kọjá lọ, ẹ̀ka tó ti fẹ́ wọ òrùlé onílé, èso tí àwọn onímọ̀ igbó fẹ́ kó fún gbíngbìn. Nítorí náà, orí okùn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á ju àpò kékeré kan tí òjé kún inú rẹ̀, tó so mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́, kọjá pàlàkà igi lókè. Wọ́n á fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn fa okùn gidi gòkè. Wọ́n á wá fi bẹ́líìtì ìgungi, èyí tó gba ìbàdí àti itan, kọ́ ara wọn mọ́ ọn. Ohun tó so èèyàn pọ̀ mọ́ okùn náà, tó jẹ́ kó lè gòkè, kó lè dúró, kó sì lè sọ̀kalẹ̀, kókó kan ni. Kókó adìmú ni màá máa pè é.

Kókó tí a fi so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ ní iṣẹ́ kan ṣoṣo: kó má ṣe tú. Kókó adìmú ní iṣẹ́ mẹ́ta. Bí agungi bá fi ara lé e, ó gbọ́dọ̀ dì mọ́ okùn láìyọ̀. Bí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣeé tì sókè wẹ́rẹ́. Ìkẹta ló le jù: nígbà tí gbogbo ìwúwo ara ṣì wà lórí rẹ̀, bí agungi bá fi ọwọ́ fà á sísàlẹ̀ díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbà fún un, kó máa yọ̀ níwọ̀nba, kó sì tún dì lójú ẹsẹ̀ tí ọwọ́ bá kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí ló máa ń wá kókó tó dì jù lọ, torí ẹ̀rù àtijábọ́. Mo yé wọn, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni ìṣòro wà. Ẹni tó bá ń yí okùn ká okùn ṣáá, bó pẹ́ bó yá, yóò rí kókó tó dì. Kókó tó ń gbà nígbà tí a bá ní kó gbà, tí kò sì gbà ju bó ṣe yẹ lọ, òun ló ń gba ọgbọ́n, òun ló sì yẹ kí a máa rò lọ́kàn nígbà tí a bá ń yan èyí tí a máa lò.

Kí ló ń mú un dì gan-an? Bí okùn bá yí nǹkan ká, gbogbo ibi tó ti fara kan nǹkan náà ló ń dá a dúró díẹ̀díẹ̀. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Switzerland tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ṣe ìṣirò rẹ̀, ó sì hàn pé ìlọ́po ni agbára ìdádúró yìí fi ń pọ̀ sí i, kì í ṣe àròpọ̀. Ká ní ìyíká kan sọ agbára náà di ìlọ́po mẹ́ta, ìyíká méjì yóò sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́sàn-án, ìyíká mẹ́ta yóò sọ ọ́ di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí ìyíká ẹyọ kan péré fi lè sọ kókó tó ń yọ̀ wálẹ̀ di èyí tó há gbagidi. Nínú kókó adìmú, nǹkan mìíràn tún kún un. Bí ẹrù bá fa kókó náà, àwọn ìyíká rẹ̀ á nà, wọ́n á fún okùn tó wà láàárín wọn, okùn náà á sì tẹ̀ wọ́rọ́kọ́ díẹ̀ nínú wọn. Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni wọ́n ṣe ń fún un tó. Nígbà tí ọwọ́ bá tẹ orí kókó wálẹ̀, àwọn ìyíká á sún mọ́ra, wọ́n á ṣí díẹ̀, okùn àárín á tọ́ padà, kókó á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹni tó bá lóye èyí kò ní máa fi agídí fa kókó rẹ̀. Yóò mọ̀ pé orí rẹ̀ lókè ló yẹ kí òun tẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gun òkè olókùúta ni díẹ̀ lára àwọn kókó wọ̀nyí ti dé ọ̀dọ̀ àwọn agungi. Karl Prusik, ọmọ ilẹ̀ Austria, ló gbé èyí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jáde ní 1931. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a so ní orí méjèèjì pọ̀ di òrùka la fi ń ta á: a ó yí i ká okùn tó nípọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a ó sì fa inú rẹ̀ gba àárín ara rẹ̀ jáde. Bí a fà á sókè ni, bí a fà á sísàlẹ̀ ni, ó ń dì. Ẹni tó fẹ́ gun okùn lókè yìnyín kò lè rí ọ̀rẹ́ tó dára jù ú lọ, àmọ́ olórí kunkun ni lórí igi, torí pé lẹ́yìn tí ẹrù bá ti wọ̀ ọ́ lára, ó ṣòro kó tó gbà kó yọ̀. Èyí tí àwọn agungi Amẹ́ríkà wá lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ni tautline, tí wọ́n ń fi ìdí okùn ìgungi fúnra rẹ̀ ta. Òun náà ní àléébù tirẹ̀. Bí a bá ti ń gòkè sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀, a máa yí ara rẹ̀, ìrù rẹ̀ a sì máa yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí wọn kò bá ta kókó ìdènà sí ìrù náà, ó lè tú pátápátá mọ́ èèyàn lókè.

Ní 1994, Jason Blake kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ igi ní Amẹ́ríkà, Arbor Age, ó sì ṣàlàyé kókó kan tí kì í ṣe irú èyí. Heinz Prohaska, ọmọ Austria mìíràn, ti ṣàpèjúwe kókó kan náà láti 1981 fún àwọn afinimọ̀nà lórí òkè, àmọ́ Blake ni àwọn agungi gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì dúró. Títí dòní, òun ni kókó tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọ iṣẹ́ yìí, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí.

Báyìí la ṣe ń ta á. Okùn ti gba orí pàlàkà kọjá, apá rẹ̀ méjì ló rọ̀ wálẹ̀. A ó so apá kan mọ́ bẹ́líìtì, a ó sì fi ìrù tó gùn tó mítà kan sílẹ̀ lẹ́yìn ibi tí a so. Ìrù yìí la ó fi ta kókó sára apá kejì. Ibi tó wà láàárín bẹ́líìtì àti kókó là ń pè ní afárá. Gbé àtàǹpàkò òsì ti ara okùn tó dúró, kí o sì mú ìrù náà yí okùn àti àtàǹpàkò rẹ ká lẹ́ẹ̀méjì, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Yí i lẹ́ẹ̀méjì sí i lókè ìyẹn, ṣùgbọ́n okùn nìkan ni kí méjì yìí yí ká, kí àtàǹpàkò má ṣe sí nínú wọn. Ìyíká di mẹ́rin. Wá mú orí ìrù náà sọ̀kalẹ̀, kó gba iwájú afárá kọjá, kó bọ́ sí ẹ̀yìn okùn tó dúró, kó sì jáde gba inú ìyíká méjì ìsàlẹ̀, ní ibi tí àtàǹpàkò rẹ wà. Bí o ṣe ń yọ àtàǹpàkò ni kí o máa fà á. Ta kókó tó dà bíi mẹ́jọ òyìnbó sí ìrù tó kù, kó má bàa lè yọ́ padà sínú.

Ẹ wò ó dáadáa nígbà tó bá parí. Ìyíká mẹ́rin gbọ́dọ̀ jókòó lé ara wọn láìsí èyí tó gorí èkejì. Ìrù gbọ́dọ̀ yọ láàárín ìyíká kejì àti ìkẹta láti ìsàlẹ̀. Ibi tí ẹni tó ń yára ti máa ń ṣìṣe ni kíkọjá níwájú afárá. Bí ìrù kò bá gba iwájú afárá, tó kàn yà wọ inú ìyíká lọ tààrà, kókó tó máa jáde jọ kókó Blake lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dunjú. Ìyíká mẹ́rin ló ní, ìrù rẹ̀ sì ń yọ láti àárín. Àmọ́ kì í ṣe òun, yíyọ̀ ló máa yọ̀. Ó ti pa àwọn tó ń gun igi lẹ́kún débi pé wọ́n fún ayédèrú yìí ní orúkọ tirẹ̀, èyí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìpara-ẹni ṣẹ̀dá.

Ohun tó dára lára kókó Blake ni pé ó ṣeé gbára lé, kò nílò ohun èlò mìíràn, ó sì dúró bákan náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí kò dára ni pé ojú kan náà ló máa ń ha ní gbogbo ìgbà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ agungi kì í fi ìdí okùn ńlá ta á mọ́. Okùn kúkúrú ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lò, èyí tí wọ́n lè jù nù bó bá gbó láì fọwọ́ kan okùn tó gbówó lórí. Èyí tún ń jẹ́ kí wọ́n lè gbé okùn wọn kúrò lórí ẹ̀ka kan sí òmíràn láì tú kókó rárá.

Láti ibẹ̀ ni a ti dé ọ̀dọ̀ kókó àwọn ará Yúróòpù. Okùn kúkúrú tó ní ojú lórí méjèèjì ni wọ́n fi ń ta wọ́n, ojú méjèèjì á sì wọnú ìkọ́ onírin kan náà níwájú bẹ́líìtì. Distel, tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì, ní ìyíká mẹ́rin tàbí márùn-ún lókè àti ẹyọ kan nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ń jáde láàárín. Èyí tí wọ́n ń pè ní Valdôtain Tresse gba orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àfonífojì Aosta ní àríwá Ítálì: ìyíká mẹ́ta tàbí mẹ́rin lókè, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ méjèèjì á máa gba iwájú àti ẹ̀yìn okùn lórí ara wọn bí ẹni ń dirun, títí ìwọ̀nba okùn tó máa dé inú ìkọ́ ni yóò kù. Bí ìyíká bá nà nínú èyí, gbogbo ibi tó dì bí irun á fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ á ṣí. Ìdí nìyẹn tó fi ń yára dáhùn, tó sì ń yọ̀ geere. Abẹ́ kókó náà ni wọ́n á fi púlì kékeré kan sí. Bí agungi bá fa okùn tó wà nísàlẹ̀ púlì, púlì á ti kókó sókè fúnra rẹ̀. Ọwọ́ kan ló fi ń gòkè, ọwọ́ kejì á wà fún ẹ̀ka tàbí ayùn.

Bí wọ́n bá bi mí léèrè, Distel ni màá kọ́kọ́ fún ẹni tó ti mọ Blake dunjú. Ó ṣeé wò ní ẹ̀ẹ̀kan, ìyíká rẹ̀ ṣeé kà, bó sì ṣe dì lánàá náà ni yóò ṣe dì lónìí. Valdôtain dùn ún lò, àmọ́ ó gba kí èèyàn tún un ṣe kó tó bá a mu: ìyíká kan tó dín, okùn tó fi díẹ̀ gùn jù, tàbí okùn tuntun tó ṣì le gbagidi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó láti mú kó pẹ́ kó tó dì. Ẹni tí kò tíì mọ bí ara òun ṣe ń rí lórí okùn kò tíì lè mọ̀ pé kókó òun ń pẹ́ dì.

Yíyan kókó kò sì dá lórí orúkọ kókó nìkan. Okùn ìgungi sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 11.5 sí 13. Okùn tí wọ́n fi ń ta Distel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wà láàárín mìlímítà 8 sí 10. Bí okùn kókó bá ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ sí ju okùn ìgungi lọ ló ṣe ń bù ú jẹ sí, tó sì ń ṣòro láti tú. Bó bá nípọn jù, tàbí tó le jù, yóò máa yọ̀. Ìwúwo èèyàn náà wà níbẹ̀. Kókó tí ẹni kílò 60 ń lò tó ń rìn wẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀ lè há mọ́ ẹni kílò 100 lọ́wọ́, èyí tó sì bá ẹni kílò 100 mu lè yọ̀ mọ́ ẹni kílò 60. Fún ìdí yìí, kò yẹ kí agungi yá kókó ẹlòmíràn lò láì kọ́kọ́ dán an wò lẹ́bàá ilẹ̀. Òjò náà ń yí i padà. Oje igi paini ń yí i padà ju òjò lọ, nítorí pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ okùn, kókó á kọ́kọ́ máa lẹ̀, lẹ́yìn náà á fò lójijì. Kókó tó dára ní àárọ̀ lè nílò ìyíká kan sí i tàbí kí a yọ ọ̀kan kúrò kó tó di ọ̀sán, agungi tó mọṣẹ́ kì í sì tijú láti dúró tún un ta.

Nǹkan kan wà tí ojú kò rí tó ń pa okùn kókó ju ẹrù lọ, ìyẹn ni ooru. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Agungi kan pẹ̀lú ẹrù ara rẹ̀ wọn kílò 90, ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti ibi tó ga ní mítà 15. Agbára tó máa di ooru lójú ọ̀nà lé ní joule 13,000. Ooru yẹn tó láti gbé omi ife kan, mílílítà 200, láti ìwọ̀n ooru 25 lọ sí nǹkan bíi 40. Kì í ṣe omi ife kan ló máa gbà á o. Apá kan á kù sórí ẹ̀ka àti sára okùn ńlá tó gùn, àmọ́ ìwọ̀n okùn tí kò ju gígùn ọwọ́ lọ nínú kókó ló máa gba èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, gbogbo ẹ sì máa ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bí onítọ̀hún bá yára. Nylon tó wọ́pọ̀ máa ń yọ́ ní nǹkan bíi ìwọ̀n ooru 220, polyester ní nǹkan bíi 250 sí 260, Dyneema ní nǹkan bíi 150 péré. Aramid kì í yọ́ rárá. Ooru tó ju 400 lọ ló ń bà á jẹ́, àmọ́ oòrùn àti títẹ̀ nígbà gbogbo ń gbó o. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń hun okùn kókó fi máa ń hun aramid pọ̀ mọ́ polyester, tí wọn kì í sì í fi Dyneema nìkan hun ún. Ẹni tó bá ti sọ̀kalẹ̀ geere rí lórí kókó Blake tí a fi polyester ta, kó fi ọwọ́ pa inú ìyíká ìsàlẹ̀ wò. Yóò rí ibi tó ń dán tó sì le bí ike. Ibẹ̀ ti yọ́, ó ti dì padà, kò sì ní fún okùn mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Sísọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́ ló ń mú kí okùn kókó pẹ́, kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ.

Gbogbo ohun tí mo ti sọ dá lórí okùn tó gba orí ẹ̀ka kọjá tó sì ń rìn. Nínú ètò yẹn, apá méjì ló pín ẹrù, kókó kò gbé ju nǹkan bíi ìdajì ìwúwo agungi lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agungi gbọ́dọ̀ fa okùn mítà méjì kó tó lè gòkè mítà kan. Èèpo igi náà ń jìyà rẹ̀, torí okùn tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀ a máa bó o; nítorí ẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé ọ̀já olórùka irin méjì sí pàlàkà kí okùn lè gba inú rẹ̀. Ètò kejì ni kí a so okùn mọ́lẹ̀ síbì kan, kó má rìn, kí agungi sì gun orí okùn ẹyọ kan náà. Níbẹ̀, gbogbo ìwúwo rẹ̀ ló wà lórí kókó. Kókó tó ń yọ̀ wẹ́rẹ́ nínú ètò àkọ́kọ́ yóò há gírígírí nínú èyí. Bí agungi bá sì fi ipá tú u, yóò já wálẹ̀ pẹ̀lú ooru. Wọ́n kì í fi kókó lásán sọ̀kalẹ̀ lórí okùn ẹyọ kan. Kevin Bingham, agungi ará Amẹ́ríkà, ló wá ojútùú tí ọ̀pọ̀ ń lò, Rope Wrench: irin kékeré kan tó wà lókè kókó, tó ń tẹ okùn kó lè gba lára ẹrù náà, kí ìyókù tó kan kókó jẹ́ ohun tí ọwọ́ lè darí. Àwọn ẹ̀rọ onírin tó ń ṣe iṣẹ́ kókó pátápátá náà ti pọ̀ lọ́jà. Wọ́n dára. Síbẹ̀ n kò rí agungi tó yẹ kó gbẹ́kẹ̀ lé wọn láì mọ kókó ta, torí irin lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lókè, okùn kúkúrú kan sì máa ń wà lára bẹ́líìtì.

Ewu kan tún wà tí kò sí nínú okùn, inú èèyàn ló wà. Bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ á gbá nǹkan tó bá sún mọ́ ọn mú. Lórí okùn, kókó ni ohun tó sún mọ́ ọn jù. Àmọ́ ọwọ́ tó bá di orí kókó mú ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, kókó tí a sì tẹ̀ wálẹ̀ kì í dì. Bó ṣe ń yára já ni yóò ṣe máa dì í mú sí, bó ṣe ń dì í mú ni yóò ṣe máa já sí. Ohun tó máa gbà á là ni kó jọ̀wọ́ kókó náà, ó sì lòdì sí gbogbo ohun tí ara ń sọ fún un. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè kọ́ni ní èyí. A gbọ́dọ̀ gun okùn lọ sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ká fa kókó kó yọ̀ kíá, ká sì ṣí ọwọ́ pátá. Kí a tún un ṣe títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n láìrò. Lára ìdí tí mo fi ń sọ pé kókó tó ń gbà dáadáa ló yẹ kí a wá nìyí: bí kókó bá le jù, agungi á máa fi gbogbo agbára dì í mú kó lè rìn, àṣà dídì í mú á wọ̀ ọ́ lára, ọjọ́ burúkú sì ni àṣà náà yóò jáde.

Kí agungi tó kúrò nílẹ̀ rárá, ohun mẹ́ta ni wọ́n kọ́ ọ: ta á, tò ó, fún un. Títa ni kí okùn gba ibi tó yẹ kó gbà. Títò ni kí ìyíká kọ̀ọ̀kan wà ní ipò rẹ̀ láìsí ìkan tó gorí ìkan. Fífún ni kí a fa gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ kó jókòó. Lẹ́yìn náà ni kó fi ara lé e lẹ́bàá ilẹ̀, kó fò lé e díẹ̀, kó sì wò bóyá ó dì, bóyá ó sì tú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ewé tàbí ẹ̀ka tín-ín-rín lè há sínú ìyíká, kó má jẹ́ kó fún, a sì gbọ́dọ̀ máa wò ó ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ fi ara sílẹ̀ fún un. Ìlànà ààbò Z133 tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ní kí okùn ìgungi tuntun lè gbé ìwọ̀n páùnù 5,400 kó tó já, èyí tó tó nǹkan bíi kílò 2,450. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1998 lórí ohun èlò tó ń gbé nǹkan sókè ní kí ẹni tó mọṣẹ́ máa yẹ gbogbo ohun tó ń gbé èèyàn wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà. Òfin iṣẹ́ ibi gíga ti 2005 sì ti mú kí okùn méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdákọ̀ró tirẹ̀, di ohun tí wọ́n ń retí níbi iṣẹ́ igi. Oṣù mẹ́fà yìí wà fún ìwé. Okùn kókó kò lè dúró dè é, torí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lè gbó o. Owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti okùn ńlá. Bí inú rẹ̀ bá ti ń dán, bí fọ́nrán rẹ̀ bá ti ń dìde bí irun, tàbí tí epo ẹ̀rọ ayùn bá ti kán sí i, kí a gé e sí wẹ́wẹ́, kí ẹlòmíràn má bàa ṣà á lò.

Ọ̀rọ̀ ìgbàlà ló kù, ó sì yẹ kó ti wà lọ́kàn láti ìgbà tí a ti ń yan kókó. Níbi iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe bó ṣe yẹ, ẹnì kan kì í dá gun igi. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tó lè gun òkè lọ gbé e wálẹ̀ bí ayùn bá gé e tàbí bí ẹ̀ka bá lù ú tó dákú, torí ẹni tó dákú sínú bẹ́líìtì kò gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó gòkè lọ yìí ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú kókó ẹni tó farapa, kó lè mú un sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá bá kókó tí kò rí rí, tó ti há nítorí ìyíká tó pọ̀ jù, ayùn tàbí ọ̀bẹ nìkan ló kù fún un, ohun tó mú sì kò yẹ kó sún mọ́ okùn tí èèyàn méjì so mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ fi ń kó kókó wọn hàn ara wọn kí iṣẹ́ ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kìíní á fi ara lé kókó tirẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀, ẹnì kejì á na ọwọ́ sí i, á sì gbìyànjú láti mú un sọ̀kalẹ̀; lẹ́yìn náà wọ́n á pààrọ̀. Kókó tí ọwọ́ ẹnì kejì kò bá lè tú, wọ́n á yọ ìyíká kan kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á tún un ta, wọ́n á sì tún un dán wò kí ẹnikẹ́ni tó gòkè.